Iná Oríta Hadley

Ní àjà keje, ní ilé ìjọba ìlú Milwaukee,
níbi tí fèrèsé kì í ṣí,
èmi ni mo ń gbé fóònù àwọn aráàlú.
Ẹ káàárọ̀, kí ló bàjẹ́ ládùúgbò yín?
Bí mo ṣe ń kí wọn nìyẹn, ó ti di ọdún mọ́kànlá.

Ajá kan ń gbó láti àná, a ò mọ ẹni tó ni ín.
Kòtò kan wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jẹ táyà mẹ́ta.
Ẹnìkan ju bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀bá ọgbà,
òjò ti rin ín, ó ti ń hu olú.
Ọkùnrin kan ní kannakánná kan ń bú òun láràárọ̀.
Mo ní, ẹ̀ka wo ni kí n kọ ọ́ sí?
Ó rò ó títí. Ó ní: "Ariwo."

Ṣùgbọ́n Verlene Tibbs, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tiẹ̀,
aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.
"Iná oríta wa ṣì kú o, ọmọ mi."

Iná ilé, bó bá kú, a ó fẹ́ ẹ;
iná ìlú, bó bá kú, nọ́ńbà ni wọ́n ń fún ni.
Mo fún un ní nọ́ńbà. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.
Oṣù mẹ́rìnlá. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà ní: A ti parí ẹ̀.
Mo pè é, inú mi dùn bí ọdẹ tó ru ẹran bọ̀.
Mo gbọ́ bí sálúbàtà rẹ̀ ṣe wọ́ nílẹ̀ dé ojú fèrèsé.
"Ọmọ mi, bí èyí bá jẹ́ píparí,
ẹ wá bá mi parí gbèsè mi náà bẹ́ẹ̀."
Òpó oríta kejì ni wọ́n tún ṣe,
èyí tí kò kú rí.

Yìnyín dé. Afẹ́fẹ́ adágún ń gé etí bí abẹ.
Yesenia tó jókòó tì mí ní kí n fi obìnrin yẹn sílẹ̀,
ó ní ẹjọ́ wu àwọn kan ju oúnjẹ lọ.
Mi ò fèsì. Ìyá tó bí mi,
ẹ̀rọ omi wa jò fún ọdún méjì, kò pe ẹnikẹ́ni.
"Ta ló máa gbọ́?" ni yóò wí, á tún ti ike sábẹ́ rẹ̀.
Ẹni tó bá ń pè, ó ṣì gbà pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Oṣù kẹta, ọkọ̀ alákàbà dé. Wọ́n tàn án.
Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ́tí sílẹ̀ de ọpẹ́.

"Ó ti mọ́lẹ̀ jù," ni Verlene wí.
"Ó ń wọ yàrá mi láì kanlẹ̀kùn.
Mi ò sùn láti Ọjọ́rú.
Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oorun nìkan.
Ilé Casimir Dudek ló kọjú sí mi.
Nínú òkùnkùn, mo lè sọ pé ó ti sùn ni.
Báyìí, mò ń rí pákó tí wọ́n kàn mọ́ fèrèsé rẹ̀,
mò ń rí àga rẹ̀ ní báráńdà,
yìnyín jókòó sí i, ó gúnwà bí onílé."

Mo ní, kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí i, mà?
Ká pa á ni? Ká fi nǹkan bò ó?
Ó dákẹ́. Kẹ́tùlù kan ń súfèé lẹ́yìn rẹ̀.
"Rárá. Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.
Ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo wá ẹ̀ka tí mo lè kọ ọ́ sí:
kòtò, pàǹtírí, ariwo, igi tó wó, iná.
Mo tẹ iná. Níbi àlàyé, mo kọ ọ́ pé:
Ó ń tàn. Obìnrin kan ń wo òdìkejì títì.

Mo fún un ní nọ́ńbà.
Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí kàlẹ́ńdà.